Ohùn Tí Ó Sọ Alùpùpù Lórúkọ: Ìtàn Ọ̀pá Èéfín Lọ́wọ́ Àwọn Jórin-jórin Ilẹ̀ Yorùbá

Orúkọ méjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ojú sí. Nígbà tí àwọn bàbá wa fẹ́ sọ ọkọ̀ kékeré tí àwọn òyìnbó ń wà kiri ìgboro lórúkọ, wọ́n pè é ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìyẹn ọkọ̀ tí í yọ́ lọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, etí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Alùpùpù ni wọ́n pè é, ohun tí ń lu pùpù bí ó ti ń lọ. Wọn kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì, wọn kò wo eré rẹ̀, wọn kò sì wo irin tí a fi ṣe é. Ohùn tí ó ń ti ẹnu ọ̀pá èéfín rẹ̀ jáde ni wọ́n gbọ́, ohun tí wọ́n gbọ́ náà ni wọ́n sì wí. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe "lù" tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni "pùpù" tí ó ń sín ìró ẹ́ńjìnnì jẹ. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan ọ̀pá èéfín alùpùpù, ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá gan-an ni ó fọwọ́ kàn.

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìtàn ọwọ́ tí àwọn ènìyàn wa ti fi kan ọ̀pá náà, bí wọ́n ṣe ń gé e, tí wọ́n ń lu ihò sí i, tí wọ́n ń yọ ohun inú rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń fi páànù agolo dì í. Àwọn onímọ̀ ti kọ ohun púpọ̀ nípa ọ̀kadà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́, gẹ́gẹ́ bí okùnfà ìjàm̀bá, àti gẹ́gẹ́ bí ohun èlò òṣèlú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ohun tí wọ́n kọ nípa ọkùnrin tí ó jókòó sí ẹ̀bá títì pẹ̀lú iná gáàsì, tí ó ń tún ohùn ẹ̀rọ náà ṣe fún owó tí kò tó nǹkan. Èrò tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn aráàlú ni pé àṣejù ọmọdé ni gbogbo alùpùpù tí ń pariwo. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé àtúnṣe ni púpọ̀ nínú àwọn ìyípadà wọ̀nyí kí wọ́n tó di àṣà, àti pé àìlówó ni ó bí wọn ṣáájú afẹ́.

Bàbá aláriwo, ọmọ adákẹ́

Òkèèrè ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òkèèrè ni irin náà ti wá. Ní 1885 ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ní ilẹ̀ Jámánì gbé ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù lé orí kẹ̀kẹ́ onígi kan. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ní 1897, àwọn ọmọ ìyá méjì kan ní ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, Milton àti Marshall Reeves, gba ìwé àṣẹ lórí ohun tí ń dín ariwo ọ̀pá èéfín kù. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ohùn ẹ́ńjìnnì ti di ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ.

Ẹnìkan wà nínú ìtàn yìí tí ó kan ilẹ̀ wa ju bí a ti rò lọ. Ní oṣù Karùn-ún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Ìjẹ̀bú, ìbọn Maxim wà lára ohun ìjà tí wọ́n kó dé Ìmàgbọn. Hiram Maxim ni ó ṣe ìbọn náà. Ariwo ìbọn tí ó ń dán wò láti ọdún dé ọdún pọ̀ débi pé etí rẹ̀ di nígbà ogbó rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Hiram Percy Maxim, ni ó gba ìwé àṣẹ ní 1909 lórí ohun èlò tí ń pa ohùn ìbọn, ìlànà kan náà ni ó sì lò fún ọ̀pá èéfín ẹ́ńjìnnì. Ariwo bàbá ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Irú ọgbọ́n tí ọmọ lò dé lẹ́yìn náà, nínú àwọn ẹ̀rọ tí a rà lọ́wọ́ òyìnbó.

Ìjà láàárín ẹni tí ń gun ẹ̀rọ àti ẹni tí ń gbọ́ ọ kì í ṣe tuntun. Ní Brooklands, pápá eré ìje tí a ṣí ní 1907 ní ẹkùn Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aládùúgbò pe ẹjọ́ nítorí ariwo, nígbà tí ó sì di àárín àwọn ọdún 1920, ó ti di dandan kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ sáré níbẹ̀ de ohun ńlá kan mọ́ ìdí ọ̀pá èéfín rẹ̀. Agolo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi pe ohun náà, agolo Brooklands. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pàdé ní ilé oúnjẹ bíi Ace Cafe ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ó ṣí ní 1938 tí ó sì kógbá wọlé ní 1969, ń ṣe òdì kejì rẹ̀. Wọ́n ń yọ irin inú ọ̀pá dànù kí ohùn lè jáde gbangba. Àwọn náà kì í ṣe olówó. Ìwọ̀nba owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ń sọ alùpùpù àtilọ síbi iṣẹ́ di ohun tí ó jọ ti eré ìje.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì wa tí ó jẹ́ ẹ̀rí ọ̀nà tí irin yìí gbà dé. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í pe ọ̀pá tí ń pa ohùn ẹ́ńjìnnì ní orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Èyí tí ó wà lẹ́nu tiwa ni sàlẹ́ńsà, ti Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè tí a ti yá a ni adákẹ́-ìró. Èdè wa wá ní ọ̀rọ̀ méjì fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo, alùpùpù tí ń lu pùpù àti sàlẹ́ńsà tí ó yẹ kí ó pa pùpù náà lẹ́nu mọ́. Àárín orúkọ méjì yìí ni àwọn jórin-jórin ti ń jẹun.

Inú ọ̀pá

Bí a kò bá mọ ohun tí ó wà nínú sàlẹ́ńsà, a kò ní mọ ohun tí ẹni tí ó gé e ṣe. Èéfín gbígbóná kì í jáde láti inú ẹ́ńjìnnì bí omi ẹ̀rọ. Ó ń jáde ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìlù, nígbàkúgbà tí ihò ìjáde bá ṣí. Ìlù náà ni pùpù. Nínú sàlẹ́ńsà, wọ́n pín àyè sí yàrá kéékèèké, wọ́n sì ki páìpù oníhò bọ inú rẹ̀ bí ìfun. Èéfín yóò ná ara rẹ̀ láti yàrá dé yàrá, ìgbì ohùn yóò máa kọlu ara wọn, agbára wọn yóò sì dín kù kí wọ́n tó bọ́ síta. Ẹni tí ó bá lu ihò sí ìdí ọ̀pá náà ti là ọ̀nà àbùjá fún ìlù náà. Ẹni tí ó bá yọ ìfun rẹ̀ ti wó ògiri gbogbo yàrá.

Oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì ni ó ti jọba lójú títì wa, sàlẹ́ńsà wọn kò sì rí bákan náà. Èyí tí ó kọ́kọ́ gbilẹ̀ ni two-stroke, tí a ń po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, tí èéfín rẹ̀ sì máa ń rú túú bí ti ilé ìdáná. Suzuki àti Yamaha láti ilẹ̀ Japan wà lára wọn, lẹ́yìn náà ni Jincheng AX100 ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó jẹ́ àwòkọ Suzuki, kún ọwọ́ àwọn ọlọ́kadà. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ọ̀pá èéfín kì í ṣe ọ̀nà àbájáde lásán. Walter Kaaden, oníṣẹ́-ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ MZ ní Zschopau ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, fi hàn ní àwọn ọdún 1950 pé bí a bá wọn gígùn àti ìbú ọ̀pá náà dáadáa, ìgbì tí ó jáde yóò padà wá ti epo tí ó fẹ́ sá jáde padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ní 1961 ni Ernst Degner, ẹni tí ń bá MZ gun ẹ̀rọ, sá kúrò ní ilẹ̀ náà. Ó di èrò ọ̀dọ̀ Suzuki, Suzuki sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti 50cc ní 1962 pẹ̀lú rẹ̀. Kódà nínú àwọn two-stroke tí a kò ṣe fún ìje, a ti wọn ọ̀pá náà kí a tó de é mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó gé sàlẹ́ńsà Suzuki rẹ̀ kúrú fi máa ń ráhùn pé ó ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ṣùgbọ́n kò fà gun òkè mọ́.

Kí ló dé tí ó fi gé e? Òróró tí ó jó pọ̀ mọ́ epo ni ó fà á. Ó máa ń di èédú dúdú tí ó ń dí àwọn ihò inú sàlẹ́ńsà. Nígbà tí ihò bá dí, ẹ́ńjìnnì kò ní lè mí. Ọgbọ́n àtijọ́ ni kí a tú ìdè tí ó wà ní ìdí ọ̀pá, kí a fa irin oníhò inú rẹ̀ yọ, kí a sọ ọ́ sínú iná títí èédú yóò fi jó tán, kí a gbọn ọ́n dànù, kí a sì dá a padà. Ẹni tí ó bá gun alùpùpù lọ sóko tàbí lọ sílé ẹ̀kọ́ ní àwọn ọdún 1970 mọ iṣẹ́ yìí bí ẹni mọ owó. Ṣùgbọ́n irin tí ó ti wọná lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ní pẹ́ jẹrà. Ọjọ́ kan á dé tí yóò ṣẹ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń gbọn ọ́n. Tuntun wọ́n, kò sì sí ní ìtòsí. Ẹni náà yóò sọ èyí tí ó ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò sì máa gun alùpùpù rẹ̀ lọ láìní ìfun. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo àdúgbò ni yóò máa gbọ́ bí ó bá ti ń bọ̀. Báyìí ni ariwo fi wọ ọ̀pọ̀ ilé wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Iná kábáìdì

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP, ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di iṣẹ́ ọjà. Náírà já, ọkọ̀ tuntun wọ́n, àwọn ọkọ̀ akérò kò tó mọ́, àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn sì fi alùpùpù gbérò. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pe ohun ìrìnnà tuntun náà. Honda ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọlọ́kadà tí ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ olówó tí ó sì ń san owó ojúmọ́, ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ojúlówó ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àti èyí tí ọwọ́ lè tó. Sàlẹ́ńsà ni ẹ̀yà ara tí ó lè bàjẹ́ tì kí ẹ̀rọ sì máa lọ. Táyà tí ó lù kì í gba ni láàyè, pílọ́ọ̀gì tí ó kú kì í gba ni láàyè, sàlẹ́ńsà máa ń gba ni láàyè. Nítorí náà, ẹ̀yìn gbogbo wọn ni owó rẹ̀ máa ń wà.

Bí Bajaj Boxer ti ilẹ̀ India, tí í ṣe four-stroke, ṣe wá gbapò lọ́wọ́ àwọn two-stroke, èédú dín kù, ìpẹtà sì gba ipò rẹ̀. Ohun kan wà níhìn-ín tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Bí lítà bẹntiróòlù kan bá jó tán, nǹkan bí lítà omi kan ni ó ń bá èéfín jáde ní oruku. Bí ọ̀pá bá tutù lálẹ́, díẹ̀ nínú oruku náà á di omi sí ìsàlẹ̀ sàlẹ́ńsà. Òjò ń jẹ ẹ́ láti òde, omi tirẹ̀ ń jẹ ẹ́ láti inú. Ibi tí ó ti máa ń lu ni abẹ́, níbi tí ojú kì í tó.

Jórin-jórin ni dókítà àìsàn yìí. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: àgbá kékeré kan tí ó ń po kábáìdì pọ̀ mọ́ omi láti fi mú gáàsì jáde, àgbá òyì ọ́ksíjìn tí ó ga, rọ́bà méjì, ẹnu iná, òòlù, ayùn irin, àti awò dúdú. (Kábáìdì kan náà ni àwọn alátẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ń jí lò láti fi mú èso pọ́n, èyí tí àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún wọn títí.) Ẹni tí ó bá ti wo iṣẹ́ yìí dáadáa yóò mọ̀ pé kò rọrùn. Páànù sàlẹ́ńsà fẹ́lẹ́. Iná mànàmáná tí a fi ń jó géètì yóò dá a lu ni, ìdí nìyẹn tí iná gáàsì fi dára jù ú lọ fún un. Ọ̀gá yóò kọ́kọ́ fi òòlù kan ojú ibi tí ó lu, yóò gé ibi tí ó ti jẹrà kúrò títí yóò fi kan irin gidi, yóò tẹ páànù tuntun sí i láti ara àgbá òróró tàbí agolo, yóò sì yọ́ irin tín-ín-rín sí etí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ooru má bàa ká a kò. Ọlọ́kadà tí kò ní owó jórin-jórin pàápàá ní ọ̀nà tirẹ̀. Yóò gé agolo, yóò fi wé ojú ihò náà, yóò sì fi wáyà yí i pinpin. Irú ìdè bẹ́ẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan, kí ó tó tú láàárín ọjà.

Nígbà tí ìfun bá ti bàjẹ́ pátápátá, wọ́n ń wá páìpù àlòkù, wọ́n ń lu ihò sí i yíká, wọ́n ń ki í bọ inú, wọ́n sì ń jó o pa. Ohùn tí ó máa jáde kò jọ ti ilé-iṣẹ́, kò sì jọ ti ẹ̀rọ tí kò ní ìfun. Ó máa ń nípọn díẹ̀, ó máa ń rẹlẹ̀. Ibí yìí gan-an ni àtúnṣe ti di àṣà. Ọ̀dọ́ kan tí ó gbọ́ ohùn alùpùpù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n tún ṣe yóò gbé tirẹ̀ tí kò bàjẹ́ wá, yóò ní kí wọ́n bá òun ṣe é kí ó dún báyẹn. Ọ̀gá tí ó ti ń fi ọgbọ́n mú ariwo kúrò yóò wá máa fi ọgbọ́n kan náà dá a padà. Bí ihò ṣe pọ̀ tó, bí ó ṣe tóbi tó, àti ibi tí a lu ú sí, wọ̀nyí ni ohun tí ó ń tà.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé àwọn ọkùnrin yìí kan náà ni ń ṣe òdì kejì rẹ̀. Àwọn ni a ń gbé ẹ̀rọ amúnáwá kékeré lọ bá, èyí tí wọ́n fi "I better pass my neighbour" ṣe ẹ̀fẹ̀ sí, pé kí wọ́n bá wa jó ọ̀pá gígùn mọ́ ọn kí ariwo àti èéfín rẹ̀ lè jìnnà sí fèrèsé. Ènìyàn ti kú nínú oorun nítorí èéfín tí kò rí ọ̀nà lọ. Àtẹ́lẹwọ́ kan náà ni ó ń la ọ̀nà fún ohùn ní àárọ̀ tí ó sì ń dí i lójú ìrọ̀lẹ́. Ìbátan láàárín iṣẹ́ yìí àti ti alágbẹ̀dẹ kò fara sin. Ẹwìrì ti di àgbá ọ́ksíjìn, ṣùgbọ́n Ògún ṣì ni olórí wọn. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà mẹkáníìkì, ọdọọdún ni wọ́n ń bọ ọ́, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì inú wọn ni ó sì máa ń dá owó ọdún náà.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún

Ohun tí ìwé òfin kò mẹ́nu bà ni àpá tí ó wà ní ẹ̀yìn ojúgun ọ̀tún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà ọ̀pọ̀ alùpùpù wa wà. Èrò tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó ń kánjú, tàbí tí ìró rẹ̀ há, a sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà ibẹ̀, ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì kan irin tí ó ti gbóná láti àárọ̀. Èmi náà ní tèmi, ó tó ẹyọ owó kọ́bọ̀ àtijọ́. Àwọn ẹ̀rọ máa ń wá láti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú páànù ìdáàbòbò lórí ọ̀pá. Bí a bá ti jó ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, páànù náà kì í padà sí àyè rẹ̀ mọ́, nítorí ihò ìdè rẹ̀ ti sọnù. Àwọn ọlọ́kadà tí ó ní àánú máa ń ní kí jórin-jórin fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe àgánrándì kékeré sí i, irú èyí tí a ń fi sí ojú fèrèsé. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí sàlẹ́ńsà, èyí ni mo kà sí èyí tí ó níyì jù, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìlú tí ó di etí

Kí ni ohùn ńlá wúlò fún? Àwọn ọlọ́kadà máa ń sọ pé ó ń gba ẹ̀mí là, pé awakọ̀ dáńfó tí kò wo dígí yóò gbọ́ wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ọ̀pá kọ ojú sí, ẹni tí ó wà níwájú ni a sì sábà máa ń fẹ́ kìlọ̀ fún. Ìdí kejì ni ayọ̀, mi ò sì rò pé ó yẹ kí a máa tijú láti sọ ọ́. Ìdí kẹta ni ọ̀fọ̀. Nígbà tí ọlọ́kadà kan bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń tò lẹ́yìn òkú rẹ̀, wọn a máa fi ẹ̀rọ ké, wọn a máa fọn fèrè, wọn a sì gba ìgboro kan. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ láti inú ilé mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ó tó yọjú. Wọn kò ní ìlù ọdẹ, wọn kò ní ìjálá. Ohùn tí wọ́n ní ni wọ́n fi ń ṣe ìdágbére.

Ọgbọ́n kan tún wà tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Bí ẹni tí ń gun alùpùpù bá pa kọ́kọ́rọ́ lórí eré, ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí, ó sì ń fa epo wọlé. Epo tí kò jó yóò kọjá sínú ọ̀pá gbígbóná. Bí ó bá tan kọ́kọ́rọ́ padà, iná yóò ràn mọ́ ọn, yóò sì dún gbòlà bí ìbọn. Ó máa ń la ojú ìjórin sàlẹ́ńsà, ó sì máa ń mú àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ lójijì ní àdúgbò tí àwọn adigunjalè ti wá rí. Mi ò ní ọ̀rọ̀ rere kankan láti sọ nípa rẹ̀.

Òfin kò sí lẹ́yìn ní ti ìwé. Òfin tí ó dá àjọ NESREA sílẹ̀ wáyé ní 2007, ìlànà lórí ariwo tẹ̀lé e ní 2009, ìlànà lórí èéfín ọkọ̀ sì jáde ní 2011. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ìrìnnà ti 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní òpópónà 475. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì 2020, wọ́n lé wọn kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà 2022, wọ́n tún kéde rẹ̀ fún Ìkẹjà, Súrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Lagos Mainland, Lagos Island àti Àpápá, wọ́n sì fi katakata fọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí wọ́n gbà. Ìjàm̀bá àti ìwà ọ̀daràn ni ìdí tí ìjọba kà síwájú, wọ́n sì jẹ́ ìdí tí ó wúwo. Ṣùgbọ́n láàárín ìwé tí ó sọ iye ariwo tí ó yẹ àti katakata tí ó fọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀gbun kan wà. Inú ọ̀gbun náà ni ọlọ́kadà tí ìfun sàlẹ́ńsà rẹ̀ ṣẹ́ wà, tí ẹnikẹ́ni kò dá dúró rí láti sọ fún un pé kí ó lọ tún un ṣe.

Òun gan-an ni ó sì ń jìyà rẹ̀ jù. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tí ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, gbà pé ohùn tí ó bá tó 85 dB kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ létí ènìyàn lójúmọ́, àti pé ìgbàkígbà tí ohùn náà bá fi 3 dB gòkè, ìdajì àkókò náà ni a ó gé kúrò. Tí ó bá di 94 dB, wákàtí kan péré ni ó kù. Ọlọ́kadà tí ó jí ní agogo márùn-ún ìdájí kì í ka wákàtí mẹ́jọ. Etí tí ń hó lálẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń ṣe é, lẹ́yìn náà ni kì í gbọ́ ohun tí èrò ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, ó sì lè gbé e kọjá ibi tí ó ń lọ. Àwọn èrò máa ń bínú pé ó ya aláìgbọràn. Ohun tí ó ṣe Hiram Maxim nínú iyàrá ìdánwò ìbọn rẹ̀ ni ó ń ṣe òun náà lójú títì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pẹ́ kí ó tó dé.

Lápá ọ̀tún odò

Àwọn Yorùbá tí ó wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ lábẹ́ ìjọba Benin ní ìrírí tí ó jọ tiwa tí kò sì rí bákan náà. Zémidjan ni orúkọ ọ̀kadà níbẹ̀, ó túmọ̀ sí "tètè gbé mi" ní èdè Fọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo tí wọ́n ń pò pọ̀ mọ́ òróró ní ẹ̀bá títì láti fi fún àwọn two-stroke wọn ni kpayo, bẹntiróòlù tí a gbé gba ẹ̀yìn wá láti Nàìjíríà nínú kẹ́ẹ̀gì. Nítorí náà, owó ìrànwọ́ epo tí ìjọba Nàìjíríà ń san wà nínú èéfín Kútọnú, òróró tí wọn kò wọ̀n dáadáa sì ń dí sàlẹ́ńsà wọn kíá ju tiwa lọ. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fagi lé ìrànwọ́ náà ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí iye owó epo sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọlọ́kpayo ni ó kọ́kọ́ pariwo lẹ́yìn àwọn ará ilé.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 2022, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ M Auto, tí ó di Spiro lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ sí kó alùpùpù oníbátìrì wọ Benin àti Togo. Ẹni tí ń gùn ún kì í ra epo. Ibùdó ni ó ń lọ láti pààrọ̀ bátìrì tí ó ti kú fún èyí tí ó kún. Kò ní sàlẹ́ńsà, kò ní èédú, kò ní pùpù. Bí ó bá ń kọjá, ìró táyà rẹ̀ lórí yanrìn nìkan ni a ń gbọ́. Ohun tí ó bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ jórin-jórin kò ju irin ìgbẹ́rù ẹ̀yìn tí ó ṣẹ́ lọ, àti ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi ń dá a dúró.